Ṣé òótọ́ ni pé Ọlájùwọ́n ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì? Ẹ bá mi dá sí i

Bàbá_Ìbejì:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ní ọmọkùnrin kan, ọdún 14 ni, ó ti ga ju èmi bàbá ẹ̀ lọ, kò sí àlejò tó máa wọlé wa tí ò ní sọ pé ẹ mú ọmọ yìí lọ sídìí básíkẹ́ẹ̀tì, òun náà wá gbà á sórí, ó ti di NBA, lígì básíkẹ́ẹ̀tì ńlá Amẹ́ríkà, láàárọ̀, NBA lálẹ́, fìdíò Giannis tó ń gbá níbẹ̀ ló máa ń wò títí dátà mi á fi tán. Mo ní kò burú, mo mú un lọ bá kóòṣì kan ládùúgbò kejì. Ọ̀gbẹ́ni yẹn wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ju bọ́ọ̀lù sí i lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ gba ọ̀kan, ìkejì bà á nímú, ló bá ní ó ti pẹ́ jù, pé láti ọmọ ọdún 8 làwọn tí òun ń kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, pé ọwọ́ tiẹ̀ ti le. Ọmọ yẹn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi wá rántí pé bàbá tèmi máa ń sọ fún wa pé Akeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó tó di gbajúgbajà l'Ámẹ́ríkà, hándíbọ́ọ̀lù ló ń gbá níbí, pé ó ti gòkè àgbà kó tó mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Mo sọ ọ́ fún ọmọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Dádì, ẹ̀yin àgbà ẹ fẹ́ràn àsọdùn." Ìyá ẹ̀ náà ní kí n yé fi àlọ́ tan ọmọ jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ìtàn ọkùnrin yìí dáadáa kó là mí lọ́yẹ̀. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe dé ọ̀hún, ṣé gíga náà ló gbé e débẹ̀ àbí nǹkan míì wà ńbẹ̀?

Kóòṣì_Àná:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bàbá yín ò parọ́ o. Èmi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kí orúnkún tó ní kí n lọ jókòó, ìtàn yìí ni mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

21 January 1963 ni wọ́n bí i l'Ékòó, sìmẹ́ǹtì làwọn òbí ẹ̀ ń tà. Muslim Teachers College ló lọ, hándíbọ́ọ̀lù ló sì mọ̀ ńbẹ̀, tó bá wá di bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, òun ni gólíkípà. Ìgbà tí wọ́n lọ síbi eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Sókótó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sójú kọ́ọ̀tù básíkẹ́ẹ̀tì, ó ti tó ọmọ ọdún 15 nígbà yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ganiyu Otenigbade tó jẹ́ kóòṣì ní Èkó rọ̀ ọ́ pé kó fi tọkàntọkàn mú un. Tó bá fi máa di 1980 ó ti wà ní yunifásítì Houston. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó ka iye ọdún tó wà láàárín ẹ̀, kò tó ìka ọwọ́ kan.

Ọ̀kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kóòṣì kan fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dọ́ǹkì, ìyẹn kéèyàn fò kó fọwọ́ ara ẹ̀ ki bọ́ọ̀lù bọ inú àwọ̀n látòkè. Kóòṣì yẹn ò ga, ló bá gun àga kó lè fi hàn án. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní ó yá, ṣe tìẹ. Akeem lọ gbé àga, òun náà gùn ún! Wọ́n ní rárá o, láti ilẹ̀ ni, nígbà tó wá fò láti ilẹ̀ kò lè ṣe é. Ẹni tí wọ́n wá ń pe tíìmù yunifásítì ẹ̀ ní "Phi Slama Jama" lẹ́yìn náà nítorí dọ́ǹkì nìyẹn o.

Ẹ wá bi mí bóyá gíga ni. Ralph Sampson tí wọ́n jọ gbá ní Rockets, tíìmù Houston nínú NBA, ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínṣì 4 ni, ta ló ń dárúkọ Sampson lónìí tí kì í bá ṣe àwa arúgbó? Akeem, wọ́n kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ bàtà 7 ni, kò tiẹ̀ pé bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Nínú hándíbọ́ọ̀lù, ìgbésẹ̀ 3 lo ní tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹ, ó ti mọ́ ẹ lára láti máa ká ẹsẹ̀ ẹ, láti máa fi èjìká tan ẹni tó dúró níwájú ẹ. Gólíkípà sì rèé, kì í dúró kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kó tó mọ ibi tó ń lọ, ìbàdí ẹni tó fẹ́ gbá a ló ń wò. Ẹ kó méjèèjì papọ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó ga, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni wọ́n wá ń pè ní Dream Shake.

Bó ṣe máa ń ṣe é nìyí. Á kẹ̀yìn sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Á ju èjìká sápá ọ̀tún, ẹni ẹ̀yìn á tẹ̀ sí ọ̀tún, òun á ti yí sósì. Onítọ̀hún á sáré padà, Akeem á na bọ́ọ̀lù sókè bíi pé ó fẹ́ jù ú, ọ̀gbẹ́ni á fò. Nígbà tó bá wà lókè ọ̀hún ló máa mọ̀ pé Akeem ò fò, á wá rí i tó ń gba abẹ́ apá òun kọjá, á fi bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ tó fi ṣe òpó ò tíì kúrò lójú kan o. Mo ti kọ́ ọmọ tó lé ní igba, bóyá 2 ló ṣe é tó jọ ọ́ díẹ̀.

Ti gólíkípà yẹn náà, bọ́ọ̀lù 3,830 ló gbá dànù mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu nínú NBA. Kò tíì sẹ́ni tó kọjá ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Houston:

Bàbá Ìbejì mo kí yín láti Houston, ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbí. Ọ̀rọ̀ Kóòṣì dáa ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi iyọ̀ sí i, nítorí tí ẹ bá gbọ́ ọ báyìí ẹ máa rò pé bó ṣe dé ni wọ́n fi ìlù pàdé ẹ̀. Rárá o. Wọ́n ní New York ló kọ́kọ́ bà sí, yunifásítì kan wà ńbẹ̀ tó yẹ kó lọ wò, àfi bí òtútù ṣe gbá a mú ní pápákọ̀ òfuurufú, ọmọ Èkó tó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ní èwo ló móoru jù nínú àwọn ibi tó kù lórí ìwé òun, wọ́n ní Houston, ló bá wọ bàálù míì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa níbí kò sẹ́nì kankan ní pápákọ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní kó wọ takisí máa bọ̀. Èmi náà wa takisí nílùú yìí fún ọdún 6, ó máa ń wá sí mi lọ́kàn pé ta ni awakọ̀ yẹn o, ó gbé ọmọkùnrin tí orúnkún ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n, ó gba owó ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Kò gbá fún Guy Lewis tó jẹ́ kóòṣì yunifásítì lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ó kàn ń jẹun ó ń kọ́ṣẹ́ ni. Ibi tó ti wá jìyà iṣẹ́ gan-an ni gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń pè ní Fonde, Moses Malone máa ń wá gbá níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Malone yẹn ni ọba Rockets nígbà náà, kò ṣàánú ẹ̀ o, ojoojúmọ́ ló ń fìdí tì í bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú. Akeem fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ pé bóun ṣe ń bá Malone gbá ló ran òun lọ́wọ́. Nítorí náà Kóòṣì mi, ẹsẹ̀ ló ti Èkó gbé wá, mo gbà, ṣùgbọ́n Moses ló fún un ní egungun.

Wọ́n sì pàdánù kó tó jẹ o. Ìdíje ńlá àwọn yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, 1982, 1983, 1984, ni Houston wà lára àwọn mẹ́rin tó kù sẹ́yìn, wọn ò gbé ife náà lẹ́ẹ̀kan. Ti 1982, North Carolina ló lé wọn, Michael Jordan wà ńbẹ̀. Ti 1983 ni mi ò lè wò di òní, wọ́n ti borí ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n léraléra kí wọ́n tó dé àṣekágbá, ayé ti fún wọn ní ife tán, àwọn ọmọ North Carolina State wá ju bọ́ọ̀lù kan látòkèèrè nígbà tí àkókò fẹ́ tán, bọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ dé ibi àwọ̀n, Lorenzo Charles hán an gbà lófuurufú ó kì í bọ̀ ọ́, 54 sí 52, ó parí. Akeem ni wọ́n fún lámì ẹ̀yẹ ẹni tó gbá jù níbi ìdíje tí wọ́n ti na tíìmù ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Patrick Ewing àti Georgetown tún nà wọ́n, 84 sí 75.

Ní 1984 yẹn náà ló wọ NBA. Houston àti Portland ló ń du ẹni tó máa kọ́kọ́ mú, owó ẹyọ ni wọ́n jù sókè, Houston jẹ, wọ́n mú Akeem. Portland mú Sam Bowie, Chicago wá mú Jordan nípò kẹta. Títí dòní wọ́n ṣì ń fi Portland ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnì kan fi Houston ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò mú Jordan, ìyẹn nìkan ti tó yín mọ ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́.

SegzyBaller:

Ẹ má bínú o ẹ̀yin bọ̀dá mi, mo bọ̀wọ̀ fún Hakeem, ṣùgbọ́n kí ló dé tá a máa ń kó ara wa dànù báyìí, ẹni tó gbá fún Amẹ́ríkà! Ó gba ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ní 1993, nígbà tó di Òlíḿpíìkì Atlanta 1996 ó wọ jẹ́sì wọn, ó gba góòlù fún wọn. Kí ló ṣe fún básíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà? Ẹ dákẹ́ ná. Lẹ́yìn náà, bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ìtàn 1978 tan ọmọ yín, nǹkan ti yàtọ̀, àwọn ọmọ ọdún 8 ti ní kóòṣì tiwọn, wọ́n ní ẹni tó ń wo oúnjẹ wọn. Ọdún 14 tí ò tíì lè gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i, hmmm.

Ẹ̀gbọ́n_Houston:

Segzy àbúrò mi, rọra. Ọ̀rọ̀ 1996 yẹn dun èmi náà nígbà yẹn, mi ò ní purọ́. Ó tilẹ̀ ti gbá fún àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà kó tó kúrò nílé, àwọn àjọ àgbáyé ló máa fún un láyè kó tó lè wọ jẹ́sì Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ nǹkan kan fún ẹ tó dùn mọ́ mi. 3 August 1996, ọjọ́ tó gba góòlù yẹn gan-an, ọjọ́ yẹn náà ni Kanu àti Amokachi àtàwọn yòókù lu Argentina 3 sí 2 ní àṣekágbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ìpínlẹ̀ Georgia kan náà. Èmi ò tiẹ̀ wo básíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn, mo ti sunkún tán nídìí bọ́ọ̀lù. Góòlù 2 lọmọ wa kó lọ́jọ́ kan, ìkan gba ọ̀dọ̀ ìyá, ìkan gba ọ̀dọ̀ ìyàwó. Mi ò bínú mọ́.

Tó o bá fẹ́ mọ ìdí tí mi ò fi lè bá a jà, June 1994 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, Yekini lẹ rántí. 21 June, Dallas, Ife Àgbáyé, Nàìjíríà lu Bulgaria 3 sí 0, Yekini di àwọ̀n mú, omi ń dà lójú ẹ̀. Èmi wà ńbẹ̀! Mo wa mọ́tò láti Houston, mo padà lóru yẹn, ohùn mi ti há pátápátá, torí pé lọ́jọ́ kejì, 22 June, Rockets fẹ́ gbá eré keje àṣekágbá NBA pẹ̀lú New York níbí, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí 4 ló ń gbé ife. Texas kan náà, ọjọ́ méjì, ọmọ Yorùbá méjì. Kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ n sọ ti eré kẹfà. New York ti borí 3, Houston 2, tí New York bá jẹ eré yìí ó tán. Houston fi 86 sí 84 ṣáájú, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ John Starks tí ọwọ́ ẹ̀ gbóná lọ́jọ́ yẹn bí ààrò búrẹ́dì, ó sì wà níbi tí póìntì 3 ti ń wá. Gbogbo wa ní pálọ̀ ti dìde. Akeem kì í ṣe ẹni tó ń ṣọ́ ọ o! Ó kúrò níbi tiẹ̀, ó bẹ́ sí i, ìka ẹ̀ ló bà á, ìka lásán, bọ́ọ̀lù ò débẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń gbélé, ọmọ Ìjẹ̀bú, jù mí mọ́ ògiri, eyín mi kan ṣì ní àmì ẹ̀.

Eré keje, 90 sí 84. Akeem jẹ póìntì 25. Starks ju bọ́ọ̀lù 18, ẹyọ 2 ló wọlé, mo rò pé ìka yẹn ṣì wà lójú ẹ̀. Ọdún yẹn, ọkùnrin kan ṣoṣo yìí ló gba ẹni tó dára jù nínú lígì, ẹni tó ń dènà jù, àti ẹni tó gbá jù níbi àṣekágbá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú sísìn kan, kò sẹ́ni tó ṣe é rí, kò tíì sẹ́ni tó tún un ṣe.

Alhaja_Aláṣọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ básíkẹ́ẹ̀tì, bàbá àwọn ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀ ń pè é ní Akeem, Segzy ń pè é ní Hakeem. Lóòótọ́ méjèèjì ni. Akeem ni wọ́n ń kọ nígbà tó dé ọ̀hún, ní 1991 ló kéde pé kí wọ́n fi H síwájú ẹ̀ bó ṣe wà ní Lárúbáwá. Àwọn Òyìnbó ń sọ pé àṣìṣe ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n kọ Akeem, ẹ̀rín ń pa mí, ẹ wá sí mọ́ṣáláṣí wa lọ́jọ́ Jímọ̀ ẹ pe Akeem ẹ wo iye èèyàn tó máa bojú wẹ̀yìn. Yorùbá ò bá "h" yẹn jà, a kàn gbójú fò ó ni. Orúkọ bàbá ẹ̀ náà, wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún wọn l'Ámẹ́ríkà bíi pé "ẹni tó máa ń wà lókè" ni. Ọlá-jù-wọ́n. Ọlá wa ju tiwọn lọ. Èébú wà nínú ẹ̀ díẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ mọ àwọn tó ń bá wí.

Èyí tí bàbá àwọn ọmọ mi ò lè gbàgbé ni ti ààwẹ̀. Ọmọkùnrin yìí ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, omi ò kan ọ̀fun ẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. February 1995 bọ́ sínú Ramadan, oṣù yẹn gan-an ni wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú oṣù. Àwọn ọmọ tèmi á jí sààrì wọ́n á ní orí ń fọ́ wọn, n ó sì ní "Akeem ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n_Houston:

Alhaja mi, ẹ ṣeun, ẹ rán mi létí nǹkan kan. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti gbá eré keje 1994 yẹn, The Summit, ó ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, Lakewood, ti Joel Osteen. Akeem ní tiẹ̀ ra ilé báńkì àtijọ́ kan láàárín ìgboro Houston, ilé alópòó gìdìgbà, ó sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí àti ibi ìkàwé. Bẹ́ẹ̀ ni o, kọ́ọ̀tù di ṣọ́ọ̀ṣì, báńkì di mọ́ṣáláṣí. Òwò ilé àti ilẹ̀ ló ń ṣe látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, owó ọwọ́ ẹ̀ ló sì fi ń rà, kì í yáwó èlé torí ẹ̀sìn. Nígbà tí owó ilé já wálẹ̀ níbí tí báńkì ń gba ilé àwọn èèyàn, òun ò jẹ báńkì ní gbèsè.

Bàtà ẹ̀ náà, mi ò tíì gbàgbé. Ìgbà tí bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù ń lọ sí ọgọ́rùn-ún dọ́là ó lé, tí àwọn ọmọdé ń jalè torí ẹ̀, òun lọ bá Spalding ṣe èyí tó jẹ́ bíi 35 dọ́là. Èmi awakọ̀ takisí ra méjì.

Kóòṣì_Àná:

Mo ti kà gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ti 1995 lẹ fò yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọdún yẹn wọn ò dáa tó bẹ́ẹ̀, ipò kẹfà ni wọ́n wà ní apá ìwọ̀ oòrùn. Kò sí ipò kẹfà tó gbé ife NBA rí kó tó di ìgbà yẹn. Wọ́n gba Clyde Drexler, ọ̀rẹ́ Akeem láti yunifásítì, láàárín sísìn, wọ́n sì fi pá lé Utah, Phoenix, San Antonio, àti Orlando ní àṣekágbá, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n gbé ife. Ti San Antonio yẹn, wọ́n gbé ife ẹni tó dára jù lọ́dún náà lé David Robinson lọ́wọ́ kí eré kejì tó bẹ̀rẹ̀, Akeem dúró ń wò ó. Póìntì 41 ló jẹ lórí ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ wá fìdíò ẹ̀, ẹ fún ọmọ yín wò, kó má wo bọ́ọ̀lù o, kó máa wo bàtà Akeem. Robinson kì í ṣe ọ̀dẹ̀, sójà orí omi ni, ara ẹ̀ le, eré ẹ̀ yá, ó sì ń fò sókè níbi tí kò séèyàn. Shaquille O'Neal náà wà ní Orlando, ó kéré lọ́jọ́ orí, ó tóbi bí ilé, 4 sí òdo ni wọ́n fi lé wọn.

Segzy, o ní kí ló ṣe. Kobe Bryant lọ bá a kó kọ́ òun ní ẹsẹ̀ yẹn. LeBron James lọ bá a ní 2011 lẹ́yìn tí wọ́n na tíìmù ẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọ́kọ́ gbé ife. Àwọn tó ti jẹ ayé tán ni wọ́n ń lọ kọ́ ẹsẹ̀ gólíkípà Muslim Teachers College. Tó o bá sì ní nǹkan ti yàtọ̀ láti 1978, Joel Embiid ńkọ́? Kamẹrúùnù ni, fọlibọ́ọ̀lù ló ń gbá, ó ti tó bí ọmọ ọdún 15 kó tó bẹ̀rẹ̀, fìdíò Akeem ló jókòó tì. Ó di ẹni tó dára jù nínú lígì ní 2023.

Bàbá Ìbejì, èmi ò sọ pé ọmọ yín máa lọ NBA o. Àwọn tí mo kọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ọ́n gbá ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kò sí ìkankan tó dé ibẹ̀. Mẹ́ta rí ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ nípasẹ̀ ẹ̀, ìyẹn ti tó mi. Mo sì fẹ́ kìlọ̀ fún yín: gíga tí ọmọ yín ga yẹn, ẹnì kan á wá bá yín láìpẹ́, á ní òun mọ ilé ẹ̀kọ́ kan l'Ámẹ́ríkà, kẹ́ ẹ mú owó fọ́ọ̀mù àti owó físà wá. Mo rí bàbá kan tó ta ilẹ̀ torí ẹ̀, nọ́ńbà tó ń pè ò wọlé mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ ọmọ yín lóòótọ́, kì í gbowó lọ́wọ́ yín.

Èyí tí mo lè sọ ni pé kẹ́ ẹ má kọ́kọ́ wá básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gbá hándíbọ́ọ̀lù, tàbí kẹ́ ẹ fi í sí gólì ní pápá àdúgbò yín. Bọ́ọ̀lù tó bà á nímú yẹn, ojú ẹ̀ ni kò tíì mọ́ bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ẹ̀ ò le. Ọwọ́ kì í le lọ́mọ ọdún 14, ta ló sọ ìyẹn?

SegzyBaller:

Oga Kóòṣì ẹ ti bá mi wí tó. Mo lọ wo fìdíò 1995 yẹn, Robinson fò ní ẹ̀ẹ̀mejì fún bọ́ọ̀lù kan náà, mo sì ń ṣàánú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Atlanta mi ò tíì gbà o.

Bàbá_Ìbejì:

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín, Alhaja mo dọ̀bálẹ̀. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí ìyá ẹ̀ àti ọmọ fúnra ẹ̀ lálẹ́ àná, nígbà tí mo dé ibi àga tí Akeem gùn yẹn ọmọ rẹ́rìn-ín débi pé ó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀, ó ní "Dádì ẹ tún ibẹ̀ kà." Ìyá ẹ̀ ní ti takisí yẹn ló dun òun, pé kò sẹ́ni tó wá pàdé ọmọ ọlọ́mọ.

Lónìí Sátidé, mo mú un lọ sí pápá, mo bẹ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù pé kí wọ́n fi í sí gólì. Wọ́n jẹ ẹ́ ní 7. Ìkẹjọ ń bọ̀ lápá òsì nílẹ̀, ó ju ara ẹ̀ sílẹ̀ bí igi ọ̀pẹ tó wó, ó fi ìka gbá a síta, ó dìde, iyẹ̀pẹ̀ kún ẹnu ẹ̀, ó ń wá ojú mi kiri. Ìka ni o, Ẹ̀gbọ́n Houston. Ó ti gé mi lówó, ó ní òun fẹ́ ìbọ̀wọ́ gólíkípà, ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí i rà ní pọ́ọ́kú l'Ékòó kó jọ̀ọ́ kó sọ fún mi, ọwọ́ ọmọ yìí tóbi o.